Ẹ̀rọ Mọ Gígùn Erédò, Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀



Ní Kétu tí mò ń gbé, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Èkó, ọjà ńlá tí gbogbo ayé ń pè ní Mile 12 kò jìnnà sí wa. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ìwọ̀n ojú ọ̀nà ni. Ẹni tí ó fi máìlì ka ọ̀nà ni ó fi nọ́ńbà sílẹ̀, nọ́ńbà náà sì di orúkọ àdúgbò. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀nà ni ẹni yìí wò. Bí ẹ bá bi àwọn ọmọ tí ń ta tòmátì níbẹ̀ ní ohun tí àwọn àgbà ń pe ilẹ̀ náà kí máìlì tó dé, ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ wọn yóò rín. Èyí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ pé a fẹ́ fi ẹ̀rọ ìgbàlódé wọn ilẹ̀ àtijọ́ wa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mo fẹ́ kí a wọ̀n ọ́n, kíákíá pàápàá. Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Mile 12, tí ó gba Ìkòròdú àti Ìtòìkín lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ti wọ agbègbè Erédò Sùngbọ́ nìyẹn, yàrà àti òkìtì tí àwọn baba ńlá wa wà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ibòmíràn wà tí ó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó 20 mítà, bí ilé alájà mẹ́fà. P. C. Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Odù ní 1959. Ní àwọn ọdún 1990, Patrick Darling láti Yunifásítì Bournemouth fi ẹsẹ̀ tọ̀ ọ́ nínú igbó, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé ní 1999. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO. Síbẹ̀ ọ̀nà mọ́tò ti gé e já níbi púpọ̀, wọ́n ń dáko lórí rẹ̀, ilé titun sì ń sún mọ́ ọn láti ìhà Ẹ̀pẹ́.

Igbó ni ìṣòro ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán rẹ̀. Dúróònù tí ó ní kámẹ́rà kò rí ju orí igi lọ. GPS ọwọ́ lásán pẹ̀lú, ewé a máa dí i lọ́wọ́, tí ibi tí a dúró sí yóò máa fò kiri lójú ẹ̀rọ. Èyí tí ó wúlò jù ni lidar. Láti inú ọkọ̀ òfurufú ni ó ti ń ta ìmọ́lẹ̀ lésà sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà yóò kan ewé, yóò sì padà. Díẹ̀ yóò gba àlàfo ewé kan ilẹ̀. Bí ó ṣe pẹ́ tó kí ó tó padà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó. Bí a bá yọ àwọn tí ó kan ewé kúrò, ilẹ̀ yóò hàn ní ìhòòhò, bí ẹni pé a ti ṣán igbó náà tán láìfi àdá kan igi kan. Irú ẹ̀rọ yìí ni Karim Sadr ti Yunifásítì Wits fi rí nǹkan bí 800 agboolé àtijọ́ nítòsí Johannesburg, tí ìròyìn rẹ̀ tàn ní 2019. Orúkọ Setswana ni wọ́n ń pè é, Kweneng. Inú mi dùn sí orúkọ yẹn ju iye agboolé lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀bi tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá àwọn kan lọ wọn apá kan Erédò nítòsí Òkè-Ẹ̀rì. Bàbá àgbẹ̀ kan ni ó ń fọ̀nà hàn wá. Ìwé tí a fún mi láti kọ nǹkan sí ní àyè fún gíga, fún jíjìn, fún gbogbo nọ́ńbà tí ẹ lè rò. Kò ní àyè fún orúkọ. Nígbà tí bàbá dá wa dúró níbi tí yàrà gbé ṣẹ́rí, tí ó pe orúkọ ibẹ̀, mo sáré kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: Igba. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Bí ó bá jẹ́ igbà, ibi tí àwọn adẹ́mu ti ń gun ọ̀pẹ ni. Bí ó bá jẹ́ igbá, ọ̀ràn omi tàbí ẹbọ lè wà níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ igba, iye ènìyàn ni, bóyá àwọn tí a pín iṣẹ́ yàrà ibẹ̀ fún, ẹ̀rí tí ó sì níyelórí ju gbogbo nọ́ńbà tí a kọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bàbá kú ní ọyẹ́ tí ó tẹ̀ lé e.

Àwọn kan yóò ní ìtàn ẹnu kò ṣeé gbára lé. Ṣé kì í ṣe ẹnu náà ni ó ní Bílíkísù Sùngbọ́, opó olówó tí kò bímọ, tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì, ni ayaba Ṣébà? Èmi kò gba ti Ṣébà. Ọjọ́ orí Erédò kò sún mọ́ ti ayaba yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà a máa ṣì. Lójú rẹ̀, kòtò ni kòtò, ì báà jẹ́ èyí tí katakata gbẹ́ lánàá. Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ ni yóò sọ èyí tí ó bá láyé.

Nítorí náà, ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan máa bá àwọn awọnlẹ̀ lọ, kí ó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn nínú àwòrán ilẹ̀ gan-an. Nígbà kan rí, ètò kọ̀ǹpútà a máa sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Lónìí, QGIS tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ń gbà á wọlé láìjanpata. Àwáwí yẹn ti tán.

Ọmọbìnrin bàbá náà ń ta ata ní Mile 12. Mo lọ bi í lóṣù tó kọjá pé báwo ni bàbá ṣe ń pe ibẹ̀. Ó ní, “Igbá.” Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Àbí igbà ni?” Ó ní kí n má bínú, láti kékeré ni òun ti kúrò lóko.