Ẹ Má Kánjú Tan Ẹ̀rọ Orin Àtijọ́

Bí rédíógírámù tàbí ámpílífáyà onífáàfù kan bá wà nílé yín tó ti pẹ́ tí wọ́n ti tàn án gbẹ̀yìn, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má tíì tàn án. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún èèyàn. A ti nu eruku ara rẹ̀, igi rẹ̀ ṣì ń dán, orúkọ Grundig tàbí Telefunken ṣì hàn ketekete níwájú rẹ̀, ó wá ku ká ti pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ká gbọ́ bóyá yóò sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń kú. Ẹ̀rọ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó jẹ́ẹ́ sí kọ̀rọ̀ yàrá ṣì ṣeé tún ṣe. Èyí tí a tàn láìyẹ̀ ẹ́ wò ló ń di ẹrù ààtàn.

Kí tíránsísítọ̀ tó gbòde, fáàfù ni ọ̀pọ̀ rédíò àti ẹ̀rọ orin oníná ń lò: ìgò gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wáyà tín-ín-rín kan ń gbóná láàárín rẹ̀. Òun ló wà nínú rédíógírámù tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ àwo Haruna Ishola àti I.K. Dairo. Òun náà ló wà nínú àwọn ámpílífáyà sítẹ́ríò tí àwọn olólùfẹ́ orin ṣì ń wá kiri lónìí, bíi Leak Stereo 20 tó jáde ní Ìlú Ọba ní 1958, àti Dynaco Stereo 70 tí ilé-iṣẹ́ David Hafler gbé jáde ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní 1959. Ẹni tó bá fẹ́ lè ra Dynaco yìí ní títò parí, ẹni tí apá rẹ̀ ká a sì lè ra èròjà rẹ̀ nínú páálí kó lọ tò ó fúnra rẹ̀ nílé. Ìdí nìyẹn tí inú ọ̀kan fi lè mọ́ rekete, kí wáyà inú èkejì sì rí wúruwùru láti ọjọ́ tó ti dáyé.

Kí ló wá ń bàjẹ́ nínú wọn? Fáàfù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fura sí, nítorí òun ni ojú rí. Ṣùgbọ́n fáàfù tó dára lè ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Ẹni tó yẹ ká kọ́kọ́ mú ni kapásítọ̀. Àwọn ńlá alágolo tó ń mú kí iná jọ̀lọ̀ ní èròjà tútù nínú, èròjà náà sì ń gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bó bá gbẹ, sípíkà á máa kùn hùn-ùn láìdákẹ́; bó bá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, agolo náà á gbóná, á wú, á sì bẹ́. Àwọn kékeré oníbébà tí wọ́n fi ìda bò ló tún lẹ́tàn jù. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí orin kọjá sínú fáàfù ńlá, kí wọ́n sì dá iná líle tó ń bá orin bọ̀ dúró. Bí ọ̀rinrin bá ti wọ inú bébà yẹn, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í jò kọjá. Fáàfù ńlá á máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, tiransifọ́mà tó ń gbé orin lọ sí sípíkà á gbóná, wáyà inú rẹ̀ á sì jó já.

Ojú lásán lè rí àmì jíjò yìí lára fáàfù ńlá. Nínú fáàfù tára rẹ̀ dá, wáyà àárín nìkan ló ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí páànù aláwọ̀ eérú tó yí i ká bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí irin nínú iná alágbẹ̀dẹ, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró kí orin yẹn parí.

Tiransifọ́mà ni mo tìtorí rẹ̀ ń pariwo. Kapásítọ̀ tuntun kò wọ́n. Fáàfù tuntun náà wà: wọ́n ṣì ń ṣe EL34, EL84 àti ECC83 ní Rọ́ṣíà, ní Slovakia àti ní Ṣáínà. Ṣùgbọ́n bí tiransifọ́mà tí wọ́n wé ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn bá jó, ẹ ó wá ẹni tí yóò tún un wé títí, owó rẹ̀ sì lè ju ti gbogbo àtúnṣe yòókù lọ. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ẹ tún wo irú iná tí ẹ fẹ́ fún un. Ámpílífáyà tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, nǹkan bí 117 fóltì ni wọ́n ṣe é fún. Iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240. Ẹ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan iná wa láìsí tiransifọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀, èyí tí agbára rẹ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ náà ń jẹ lọ. Àwọn rédíógírámù ilẹ̀ Yúróòpù sábà máa ń ní ibi tí a ti ń yí fóltì lẹ́yìn wọn, láti 110 títí dé 220 tàbí 240. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ kà á. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn lè ti yí i síbi tí kò bá iná yín mu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló tún kù. Ẹni tó ti ń tú rédíò kékeré oníbátìrì lè rò pé kò sóhun tó yàtọ̀. Ó yàtọ̀ gidigidi. Iná inú Dynaco Stereo 70 lé ní 400 fóltì, ó ju ti ara ògiri lọ. Ẹ sì ti lè yọ pílọ́ọ̀gì rẹ̀, kí kapásítọ̀ ńlá ṣì mú iná náà pamọ́ sára. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà, kó má ṣí ìdí rẹ̀ rárá, kó sì lé àwọn ọmọdé jìnnà sí i. Ẹni tó kọ́ ọ pàápàá gbọ́dọ̀ fi resísítọ̀ fa iná yẹn gbẹ díẹ̀díẹ̀, kó fi mítà wò ó pé ó ti tán, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Fífi sukurudiráfà gbá a pẹ́ẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá.

Báwo la ó ṣe mọ ọ̀gá? Yóò ya fọ́tò inú ẹ̀rọ náà kó tó tú wáyà kankan. Yóò pààrọ̀ wáyà iná tí rọ́bà rẹ̀ ti ń fọ́ wẹ́wẹ́, yóò sì fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ní wáyà ilẹ̀ sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa pààrọ̀ kapásítọ̀, fóltì tuntun kò sì ní kéré sí ti àtijọ́. Kò ní tàn án láìsí sípíkà lára rẹ̀, nítorí ámpílífáyà onífáàfù tí kò ní sípíkà lè sun tiransifọ́mà ara rẹ̀. Bó bá fẹ́ kọ́kọ́ tàn án, yóò jẹ́ kí iná gba inú gílóòbù àtijọ́ oníwáyà kọjá, bíi ti 60 tàbí 100 wáàtì. Ti LED kò wúlò fún èyí. Bí gílóòbù náà bá mọ́lẹ̀ díẹ̀ tó sì rẹlẹ̀, ó ṣeé tẹ̀ síwájú. Bó bá ń tàn yòò láìrẹlẹ̀, ibì kan nínú ẹ̀rọ náà ti kan ara wọn, gílóòbù ló sì gbà á lọ́wọ́ jíjó. Lẹ́yìn náà ni yóò wọn iná fáàfù ńlá. Ní ti Stereo 70, 1.56 fóltì ni ilé-iṣẹ́ náà ní kí a rí lórí mítà fún fáàfù méjì-méjì.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣebí sípíkà Bluetooth kún ìgboro. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí tuntun yẹn bá dákẹ́, ààtàn ló kù, nítorí wọn kò ṣe é kí ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe. Ti àtijọ́, gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ ló ṣeé fojú rí, tó ṣeé yọ, tó sì ṣeé fi òmíràn rọ́pò. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ìfun rẹ̀ kí wọ́n fi bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú síbẹ̀, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń wá kọ́pà inú rẹ̀. Bí ikán bá ti jẹ igi rẹ̀ tán tí tiransifọ́mà rẹ̀ sì ti jó, ẹ jẹ́ kó di ibi tí a ti ń mú èròjà fún ẹlòmíràn. Èyí náà kì í ṣe òfò.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú fáàfù pẹ̀lú. Orúkọ tí wọ́n fi tàdáwà tẹ̀ sára gíláàsì rọrùn láti nù kúrò kí wọ́n sì tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ bíi Mullard tàbí Telefunken lé e. Ojúlówó ECC83 ti Telefunken sábà máa ń ní àmì dáyámọ́ǹdì tó yọ lára gíláàsì ìdí rẹ̀, láàárín àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo ìdí kí ẹ tó sanwó orúkọ. Bí àtúnṣe bá sì parí, ẹ ká aṣọ kóróṣè àti fọ́tò tó wà lórí rẹ̀ kúrò, kí ooru lè ráyè jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ká pílọ́ọ̀gì ẹ̀rọ yín kúrò nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì tàn án, kí ẹ sì wá ẹni tó ti tún onífáàfù ṣe rí. Ẹ bi í léèrè bó ṣe máa ń fa iná kapásítọ̀ gbẹ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀, àti bó ṣe máa ń tan ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kíní. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá mọ́yán lórí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín padà sílé. Ó ti dúró tipẹ́. Oṣù díẹ̀ sí i kò ní pa á lára.