ÌLERA NÍNÚ ILÉ: Iná tí a fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú



Ìbéèrè kan tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn Mísà nìyí: "Wọ́n ní kí a gbé Ìyá àgbà lọ ṣe iṣẹ́ abẹ kataráàtì. A sì gbọ́ pé iná dókítà lè jó ojú. Ṣé òótọ́ ni?" Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ fi Ìyá sílẹ̀ sínú òkùnkùn.

Ọlọ́run fi dígí kan sínú ẹyinjú wa. Òun ní í sẹ́ ìtànṣán líle, bí aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, kí ó má baà dé awọ tó wà lẹ́yìn ojú, níbi tí ìríran ti ń ṣẹlẹ̀. Bí dígí náà bá ṣú, kataráàtì nìyẹn. Dókítà yóò yọ ọ́, yóò fi tuntun sí i. Lákòókò yẹn, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wà lókè ojú, iná rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ púpọ̀. Aláìsàn kò lè ṣẹ́jú. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, iná náà lè pa awọ yẹn lára. McDonald àti Irvine, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1983. Ó jọ ìpalára tí a kìlọ̀ fún wa nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní 29 oṣù kẹta 2006.

Nísinsìnyí àwọn dókítà ń dín iná kù, wọ́n ń bo ẹyinjú nígbà tí wọn kò bá nílò ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í pẹ́ bíi ti àtijọ́. Ó ti ṣọ̀wọ́n. Ohun tó léwu jù ú lọ ni abẹ́rẹ́ àwọn tí ń kiri ìletò, tí wọ́n ní àwọn lè ti funfun ojú sẹ́yìn.

Bí wọ́n bá tú ojú Ìyá, tí ó ní òun ń rí àbàwọ́n kan nítòsí ibi tí òun tẹjú mọ́, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹ dá a padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, pàápàá bí ojú bá pọ́n tàbí tó ń dùn ún, nítorí ó lè jẹ́ ohun mìíràn tí kò gbọdọ̀ pẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti iná, ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀; ti àwọn mìíràn kì í lọ tán. Kò sí oògùn tí a mọ̀ dájú fún un, nítorí náà ẹ má ná owó yín lọ́jà.

Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà bí Ìyá bá ní àtọ̀gbẹ. Ẹ sì kó gbogbo oògùn tí ó ń lò dání, pẹ̀lú páálí wọn: òmíràn wà nínú wọn tí í mú kí ìmọ́lẹ̀ tètè pa ara lára.