Kọ̀ǹpútà Fífúyẹ́ Méjì: Èwo Ni Kí A Rà?

   

Ẹ̀yin ará wa ní Kaduna àti gbogbo agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, inú ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. A gbé e wá síhìn-ín nítorí pé àwọn ọmọ wa ń wọ yunifásítì lọ́dọọdún, kò sì sí èyí tí kì í béèrè kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí wọ́n ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré. Bí a bá ṣì í rà, kò sí ẹni tí yóò dá a padà fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ìwé mẹ́fà péré ni a kà kí a tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ìwé ẹrù àti ìwé owó ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ní Ọ̀fà, ọwọ́ wa ni àbúrò wa obìnrin wà. Lọ́dún tó kọjá ó wọ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni ó sì ń kọ́, iṣẹ́ àwọn sọ̀fíyọ̀. Kò pẹ́ tó fi pè wá lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá láptọ́ọ̀pù kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé. MacBook Air ni mo fẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Òun ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń gbé.”

Owó kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ni àjọ tí ìyàwó wa dá fún oṣù mẹ́wàá. Fíríísà ni ó fẹ́ fi rà, kí ó lè máa ta omi tútù níwájú ilé. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sọ nǹkan kan títí di alẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ó gbé owó náà kalẹ̀ níwájú wa.

“Bàbá Ọmọ, ẹ fi ra nǹkan fún Òpéléńgẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí owó mi wọmi o.”

Ẹ̀yin ará, a kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ibi iṣẹ́ wa. Ó gbọ́ tẹnu wa, ó sì gbé òmíràn síwájú wa: Lenovo ThinkPad X1 Carbon, ìran kẹfà, èyí tó jáde ní ọdún 2018. MacBook Air tí àbúrò wa ń fẹ́ jáde ní ìparí ọdún 2020, òun ni èyí tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ ń jẹ́ M1. Tòkunbọ̀ ni àwọn méjèèjì tí a rí, nítorí owó wa kò ká titun. Mac ló wọ́n jù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, bí a ti ń ṣe sí ẹrù.

Ní ti ìwúwo, Mac jẹ́ kílò 1.29, ThinkPad jẹ́ kílò 1.13. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju ọsàn kan lọ. Ọmọ tó ń rìn láti ilé ibùgbé dé kíláàsì ní Samaru lè gbé èyíkéyìí nínú wọn láìsí pé èjìká ń dùn ún. Ojú ThinkPad fẹ̀ díẹ̀ ju ti Mac lọ, ó jẹ́ íńṣì 14, ti Mac sì jẹ́ 13.3.

Ní ti bátìrì, Mac fi ẹ̀yìn èkejì balẹ̀. Àwọn tó ṣe é sọ pé nígbà tó wà ní titun, yóò tó wákàtí 15 lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí iná rẹ̀ tó tán. Ẹ̀yin náà mọ bí iná mànàmáná ti rí lọ́dọ̀ wa, ẹ sì mọ ohun tí epo jẹnẹrétọ̀ ti dà láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Kọ̀ǹpútà tó lè lo ọjọ́ kan láìfẹnu kan iná, ọ̀rẹ́ ọmọ ilé-ìwé ni. Ohun rere kan wà níbẹ̀ fún méjèèjì: ihò USB-C ni wọ́n fi ń gba iná, irú èyí tó wà lára ọ̀pọ̀ fóònù òde òní.

Ní ti eruku, Mac tún ṣe dáadáa, nítorí pé kò ní fáànù nínú rárá. ThinkPad ní fáànù. Ẹni tó bá mọ eruku ọyẹ́ ní ìlú yìí mọ ohun tí fáànù lè fà wọlé, ó sì yẹ kí a máa ṣí i gbọ̀n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àìsí fáànù ní tirẹ̀ náà: bí iṣẹ́ ńlá bá pẹ́ lórí Mac yìí nínú ooru, ńṣe ni yóò dẹ ẹsẹ̀ rìn, nítorí kò sí ohun tí yóò fẹ́ ẹ.

Ní ti àtúnṣe, ThinkPad ló borí. Nínú Mac, wọ́n ti jó ibi tí iṣẹ́ ń pamọ́ sí mọ́ pátákó inú rẹ̀. Bí pátákó náà bá kú, iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe lè bá a lọ. Ti ThinkPad, bí a bá tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, a lè yọ ibi ìpamọ́ náà, kí a fi èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ náà ṣeé pààrọ̀ láìsí wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ kò ṣeé fi kún nínú ọ̀kankan nínú wọn. Iye tí ẹ bá rà ni ẹ ó máa lò títí, 8 GB tàbí 16 GB.

Ní ti ihò ara wọn, méjì péré ni Mac ní, yàtọ̀ sí ti ohun tí a ń fi sétí. ThinkPad ní irú méjì bẹ́ẹ̀, ó ní ihò USB ńlá méjì tí fláàṣì ń wọ̀, ó sì ní HDMI tí a fi ń so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Nígbà tí a ti wọn gbogbo èyí, ọkàn wa ṣì ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Abéèrè kì í ṣìnà. Lọ́jọ́ ìsinmi wa, a wọ ọkọ̀ lọ sí Zaria, a sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ kan tó ti wà ní ọdún kẹrin nínú ẹ̀kọ́ kan náà pé, “Ọmọ mi, kí ni ẹ ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe gan-an?” Ó ka orúkọ wọn fún wa: ArcGIS Pro tí wọ́n fi ń ya máàpù, àti Civil 3D. Orí Windows nìkan ni àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ọgbọ́n wà tí àwọn kan ń dá láti gbé Windows sórí Mac, ṣùgbọ́n owó mìíràn ni, ó sì ń jẹ mẹ́mọ́rì. QGIS wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó wọn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yanjú sí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. A ti ń béèrè èwo ló dára jù, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Bó bá ṣe pé òfin tàbí ìtàn ni àbúrò wa ń kọ́, tó jẹ́ pé kíkà àti kíkọ ló pọ̀ jù, Mac la bá rà fún un nítorí bátìrì rẹ̀. Fún iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ThinkPad ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti 16 GB.

Kí ẹ tó sanwó fún tòkunbọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ra Mac lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Nígbà tó délé tó fẹ́ tò ó bí titun, ó ní kí ó mú orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ wá. Títí di òní, bí àwo ọbẹ̀ tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ló ṣe jókòó sílé rẹ̀. Nítorí náà:

Bó bá jẹ́ Mac, kí ẹni tó ń tà á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìforúkọsílẹ̀ Apple lójú yín, kí ó nu inú rẹ̀, kí ẹ sì tò ó dé ìparí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ wo iye ìgbà tí bátìrì rẹ̀ ti gba iná yí po; 1,000 ni àwọn tó ṣe é dá fún un.

Bó bá jẹ́ ThinkPad, bó ti ń jí, ẹ tẹ Enter, lẹ́yìn náà F1. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ ìpamọ́ tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ máa lọ sílé. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀rọ Intel rẹ̀, kí ohun tó tẹ̀lé i5 tàbí i7 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8, nítorí pé Windows 11 kì í gba àwọn tó ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, Windows 10 sì ti kúrò nínú àbójútó ọ̀fẹ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Ẹ ní kí wọ́n kọ powercfg /batteryreport sínú rẹ̀. Yóò sọ iye tí bátìrì ń gbà nísinsìnyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó ń gbà nígbà tó wà ní titun. Ti èyí tí a fẹ́ rà, 57 ni ìbẹ̀rẹ̀, 39 ló kù. A fi èyí bẹ̀bẹ̀ owó, wọ́n sì dín in kù fún wa. Iye tí wọ́n dín náà ni a fi kún owó bátìrì titun.

Nígbà tí a gbé e dé Samaru, àbúrò wa wò ó, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ohun tó ń retí kọ́. A ṣàlàyé fún un, a sì sọ ọwọ́ ẹni tí owó náà ti wá. Nígbà náà ni omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pè wá ní alẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ya máàpù ilẹ̀ tí a wọ̀n, ó sì jáde dáadáa. Àwọn méjì tó ní Mac wá ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn lórí tèmi. Ṣùgbọ́n bátìrì mi kò tó tiwọn o.” A ní a ti gbọ́, kí ó máa fi ìgbà tí iná bá wà gba iná sí i. Lẹ́yìn náà ó ní kí a gbé fóònù fún ìyàwó wa, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ pẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù fún ọmọ rẹ̀, kí ó rí wa lọ́jọ́ ìpàdé. A ó mú un dé ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ìyàwó wa ti bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn. Fíríísà ló kàn.