"OGBÓ NI" KÌ Í ṢE ORÚKỌ ÀRÙN

Èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ tòní kò dùn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì kà á sétí àwọn tí ojú wọn kò ríwèé kà mọ́.

Gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí á lé jáde nínú ilé wa. Òun ni "Ogbó ni." Ìyá kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, ogbó ni. Bàbá ń sọ ìsọkúsọ láti àná, ogbó ni. Egbò ti dá sí ìyá àgbà nídìí, ogbó náà ni. Ogbó kì í ṣe àrùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ orí ènìyàn rọ́pò àyẹ̀wò.

Bí a bá gbọ́ nípa ilé ìtọ́jú arúgbó lókè òkun, a máa ń mirí pé àwọn òyìnbó ló ń kó òbí wọn dànù. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn. Orchid View ni wọ́n ń pè é, ní West Sussex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ Southern Cross ló ṣí i ní 2009, ó sì rẹwà bí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ní 2011 wọ́n tì í pa. Ní oṣù kẹwàá 2013, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ àbájáde ìwádìí lórí àgbàlagbà 19 tó gbé ibẹ̀. Ó ní kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n tọ́jú bó ṣe yẹ, àti pé àìbìkítà wà lára ohun tó fa ikú àwọn márùn-ún. Wọ́n ń tẹ agogo, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Òṣìṣẹ́ kò tó. Wọ́n ń ṣi oògùn lò fún wọn. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan jẹ́rìí pé wọ́n ní kí òun gé ìwé oògùn ìyá kan wẹ́wẹ́, kí ilé ìwòsàn má baà rí i. Òun náà ló pe ọlọ́pàá.

Ní Kánádà, nígbà Kòrónà ní 2020, àwọn òṣìṣẹ́ sá kúrò ní ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Herron, nítòsí Montreal. Nígbà tí ìjọba wọlé, wọ́n bá àwọn arúgbó nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀, pẹ̀lú ebi àti òùngbẹ. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn mi. Omi tí wọn kò fún wọn, oògùn tí ẹnìkan kò ṣọ́, ara tí ẹnìkan kò yí, dókítà tí ẹnìkan kò pè: ohun tó pa wọ́n nìyẹn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà lọ́dọ̀ wa níbí.

A máa ń pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ òkété ti wà ní Èkó, ó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 2022 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, títí wọ́n fi tì í ní 2025, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló bá a lọ. Wọ́n ń yí ìyá oníyàá padà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé. Ìyá tó bí wọn wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ ọdún mẹ́rìnlá tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní nǹkan kan. N kò bá wọn wí pé wọ́n lọ, torí owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ la fi ń ra oògùn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ilé tó ku arúgbó kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ti di ilé ìtọ́jú arúgbó. Kò kàn ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà ni.

Tiwa tiẹ̀ burú jù ní ọ̀nà kan. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan wà tó ń ṣàyẹ̀wò irú ilé bẹ́ẹ̀, adájọ́ sì lè bèèrè ohun tó pa òkú. Níbí, bí ẹni ọgọ́rin ọdún bá kú, a ó ní wọ́n lọ sinmi, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá aṣọ ẹbí. Ta ló bèèrè ohun tó pa wọ́n?

Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú ohun tí a ń pè ní ogbó tí kì í ṣe ogbó.

*Iyè tó dàrú lójijì.* Àrùn ìgbàgbé máa ń yọ́ wọlé ni, ní oṣù dé oṣù, ọdún dé ọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọmọ rẹ̀ lánàá tí kò mọ̀ ọ́n lónìí, ó lè jẹ́ àrùn nínú ilé-ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè jẹ́ pé omi gbẹ lára wọn, ó lè jẹ́ ṣúgà tó lọ sílẹ̀ tàbí rọpárọsẹ̀. Arúgbó kì í tètè mọ òùngbẹ lára. Kì í ṣe ogbó, kì í sì í ṣe àjẹ́. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan kú, kí ẹ gbéra ní wákàtí yẹn.

*Egbò ìdùbúlẹ̀.* Dídùbúlẹ̀ sójú kan ló ń fà á. Ẹ yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn sínú omi. Ẹ máa wo ìdí, ìbàdí àti gìgísẹ̀ wọn lójoojúmọ́. Ibi tó bá ti dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le, egbò ń bọ̀ níbẹ̀.

*Ojú.* Ohun funfun tó bo ẹyin ojú, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò kí wọ́n tún ríran. Ẹ má fi ìyá sí òkùnkùn nítorí pé wọ́n ti dàgbà.

*Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn.* Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí ní 2003 sí 2004 láàárín àwọn tó ti pé ọdún 65, wọ́n lé ní 2,000, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Kwara wà nínú rẹ̀. Bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le ti mú rí. Ìyá tó kọjú sógiri tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àìsàn lè wà níbẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Mo mọ̀ pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n ń ta omi mímu ife kan? Èló ni wọ́n ń gbà láti yí ìyá ẹni sí ẹ̀gbẹ́ kejì? A máa ń rí owó màlúù lọ́jọ́ òkú. Owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lóṣooṣù ni a kì í rí.

Ẹ̀bi kò mọ sílé nìkan. Mo ti dúró ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n bi ọmọ kan pé, "Ọdún mélòó ni wọ́n? Ẹ máa gbé wọn lọ sílé," kí ẹnikẹ́ni tó wọn ìfúnpá ìyá náà. Ìwà ìkà ni. Ọgọ́rin ọdún kì í ṣe ìdájọ́ ikú.

Ìjọba náà ńkọ́? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ìpín 16, sọ pé kí ìjọba ṣètò ìtọ́jú fún ọjọ́ ogbó. Òfin 2017 dá àjọ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ní kí owó wà fún àwọn tí kò lágbára. Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ rí ilé gbà láti 1945, ilé ọnà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ni. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àgbà tó ń mí ńkọ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí á ṣe nìyí:

1. Kí ẹgbẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì fún agboolé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa yà lọ́dọ̀ àwọn àgbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ìyá, kí wọ́n wo ẹ̀yìn wọn, kí wọ́n ka oògùn tó ṣẹ́kù, kí wọ́n bèèrè ìgbà tí wọ́n tọ̀ gbẹ̀yìn.

2. Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókèèrè, ẹ yé bèèrè pé "Ṣé Màmá wà dáadáa?" Ẹ bèèrè pé mélòó ni ìfúnpá wọn, ọjọ́ wo ni wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fi gìgísẹ̀ Màmá hàn yín nínú fídíò.

3. Kí orúkọ oògùn àti àkókò rẹ̀ wà nínú ìwé lára ògiri. Bí ẹ bá ń fún wọn ní àgbo, ẹ sọ fún dókítà.

4. Ẹni tó bá fẹ́ fi òbí sí ilé ìtọ́jú, kó lọ síbẹ̀ lálẹ́ láìsọ tẹ́lẹ̀. Kó bèèrè nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru, kó wo ìwé oògùn, kó sì bèèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ.

5. Bí wọ́n bá sọ fún yín ní ilé ìwòsàn pé ogbó ni, ẹ fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé, "Àyẹ̀wò wo lẹ ṣe tó fi hàn bẹ́ẹ̀?" Ẹ má kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi dáhùn.

6. Ẹ̀yin àgbà ìlú, ẹ bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ Kábíyèsí àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn: ọjọ́ kan lóṣù fún àwọn àgbàlagbà ní ilé ìlera wa, fún ìfúnpá, ṣúgà àti ojú.

Àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ló pọn wá, ló fẹnu fa ikun nímú wa. Wọn kò sọ nígbà náà pé "ọmọdé ni" kí wọ́n wá jókòó kí ibà máa jó wa. Ẹ má jẹ́ kí á sọ pé "ogbó ni" fún wọn.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín, sí ọmọ yín lókèèrè, sí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí yín. Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ bá a kà á. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí á gbó, kí á sì rí ẹni tí yóò fún wa lómi.

Nọ́ọ̀sì yín, Ìgbàjà.