Ògiri Tó Lóyún

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé ní Jos. A fi pákó àti plywood pín pálọ̀ wa sí méjì kí wọ́n lè ní yàrá tiwọn. Oṣù Kọkànlá ni káfíńtà parí iṣẹ́, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Kí oṣù Kìíní tó parí, ògiri ti yọ ikùn síta, ilẹ̀kùn kò sì pa dé mọ́.

“Ìyàwó mi, ògiri yín ti lóyún o,” ni Màmá wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, mo rí i pé àga ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó pa aṣọ dà. Ojú tì mí.

Pákó tútù ló fà á. Púpọ̀ nínú pákó tí à ń rà níhìn-ín, igbó gúúsù ni wọ́n ti là á wá, omi sì lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́, omi yẹn á gbẹ, pákó á sì súnkì. Ẹ̀gbẹ́ kan lè súnkì ju ìkejì lọ, ni pákó bá tẹ̀ tàbí kó lọ́. Plywood tí a kàn mọ́ ọn á sì tẹ̀ lé e.

Káfíńtà àgbà kan ló bá wa tún un ṣe. Bàbá kò wó ògiri. Wọ́n tú plywood, wọ́n sì na okùn láti òpó àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Òpó mẹ́ta ni kò bá okùn mu. Èyí tó yọ díẹ̀, wọ́n fá a. Èyí tó tẹ̀ gan-an, wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ wọ àárín níbi tó ti kó sínú, wọ́n tì í kó nà, wọ́n ki èèkàn pẹlẹbẹ bọ ojú ibi tí wọ́n rẹ́, wọ́n wá kan pákó gbígbẹ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó lọ́ bí okùn kò gba àtúnṣe. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n kan igi kéékèèké dábùú láàárín àwọn òpó kí wọ́n lè máa di ara wọn mú.

Ẹ ṣọ́ra o: bí òpó bá gbé òrùlé tàbí àjà dúró, ẹ má ṣe rẹ́ ẹ. Ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, Màmá bi mí pé, “Ògiri ti bí? Akọ ni àbí abo?”

Bí ẹ bá ń ra pákó, ẹ gbé orí rẹ̀ kan sílẹ̀, ẹ di ojú kan, kí ẹ sì wo etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Igi gànràngànràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èyí tó bá wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó sì tutù lọ́wọ́, kò tíì gbẹ. Ẹ tò ó sínú ilé, ẹ fi igi tín-ín-rín sáàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí káfíńtà tó kan ìṣó kankan mọ́ ọn.