Oorun Ẹ̀gbẹ́ Sípíkà

"Ọmọ wa mọ fàájì o! Ẹ ò rí i bí oorun ṣe dùn mọ́ ọn?" Ìyá àgbà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìgbéyàwó tí mo lọ ní Fìdítì. Ọmọ ọwọ́ ló ń wò, tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítòsí sípíkà tó ga ju àgbà ọkùnrin lọ. Mo sún mọ́ wọn. Ọmọ náà fajú ro, ó di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì. Nígbà tí olórin dákẹ́ díẹ̀, ó ta gìrì, ó lajú, ó figbe ta. Bí orin ṣe tún sọ báyìí, ojú rẹ̀ tún pa dé. Mo ní, fàájì wo lèyí?

Ojú ní ìpéǹpéjú, etí ò ní. Àgbà tí ariwo bá sú á ní òun ń lọ tọ̀, á gba abẹ́ igi ọsàn lọ (Fìdítì kúkú ni, ọsàn ò wọ́n níbẹ̀). Ọmọ tí wọ́n fi ọ̀já gbà mọ́ ẹ̀yìn ò rí ibi kankan lọ. Oorun ni ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó lè tì. Ní 1973, T. Berry Brazelton, dókítà àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi ń yẹ ọmọ tuntun wò. Wọ́n á tan iná sójú ọmọ tó ń sùn, wọ́n á mi ṣaworo sí i létí, wọ́n á lu agogo, léraléra. Lákọ̀ọ́kọ́ á ta gìrì. Tó bá yá, kò ní mira mọ́. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń gbèjà ara rẹ̀. Ìjà ni, kì í ṣe ìsinmi. Ọmọ tó bá ja irú ìjà bẹ́ẹ̀ lóde ìnáwó lè wá ké mọ́jú nílé, kí wọ́n máa wá àjẹ́ kiri.

Ọ̀rọ̀ yìí ò mọ sórí ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ní autism, ìyẹn àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti kékeré, wà láàárín wa, tí ariwo, iná tó ń ṣẹ́jú àti èrò máa ń ya bo ẹlòmíràn nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Òmíràn á bú sẹ́kún. Òmíràn á gbórí lé tábìlì, ó ti sùn. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má da omi lé e lórí. Ẹ rọra mú un kúrò níbẹ̀.

Oorun kan wà tí n kò fẹ́ ká ṣì mú o. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tí ẹ pè, tí ẹ mì, tí kò jí, tàbí tí gìrì mú, kì í ṣe sípíkà ló mú un sùn. Ibà lè dé ọpọlọ. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, ẹ má dúró se àgbo. Ẹni tí oorun sì ń kì mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, ariwo wà tàbí kò sí, kó lọ rí dókítà kó tó tún gun ọ̀kadà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́.

Ní 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kalẹ̀ fún ibi orin àti fàájì: kí ariwo má ju 100 decibel lọ ní ìpíndọ́gba, kí àyè ìdákẹ́jẹ́ sì wà téèyàn lè sá sí. Ta ló máa gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo wá sí òde wa? Ṣùgbọ́n àyè ìdákẹ́jẹ́ ò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìnáwó ní Fìdítì àti Ìlọrà, bí ẹ bá ti ń to kánópì, ẹ gbá yàrá kan lẹ́yìnkùlé, ẹ tẹ́ ẹní sí i, kí ẹ sì fi han àwọn abiyamọ kí wọ́n tó jókòó.