Aṣọ Ilé-Ẹ̀kọ́ tí Ó Gba Kẹ̀kẹ́ Gígùn

Ní ọdún àjọyọ̀ bí èyí, ilé tuntun àti ife-ẹ̀yẹ ni a sábà máa ń kọ̀wé lé lórí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè láti sọ̀rọ̀ aṣọ. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ń rán fún àwọn ọmọ wa dára fún ìdúró lórí ìlà ní òwúrọ̀. Kò dára fún gígun kẹ̀kẹ́, ó sì yẹ kí a yí bí a ti ń gé e padà.

Ọ̀nà tí ó ti Gbọ̀ngán lọ sí Ẹdẹ gba Sekona kọjá, àwọn abúlé sì wà káàkiri tí ọmọ ti ń fi ẹsẹ̀ rìn wá. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Orí Raleigh tí wọ́n ṣe ní Nottingham ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìgbà àwọn bàbá wa ti ń lọ láti ìletò kan dé òmíràn.

Ẹ wo ṣòkòtò ọmọkùnrin. Abẹ́ ìdí ni ojú rírán mẹ́rin ti pàdé, ibi tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ gan-an wà, níbẹ̀ ni yóò sì ti máa ha ọmọ lára títí yóò fi ya. Bí télọ̀ bá fi ègé aṣọ kékeré onígun mẹ́rin sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ojú rírán náà yóò sún kúrò níbẹ̀, ẹsẹ̀ yóò sì rí ààyè ṣí. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n àjèjì: àárín ẹsẹ̀ kẹ̀ǹbẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Ẹnu kẹ̀ǹbẹ̀ ni kò bá kẹ̀kẹ́ mu, nítorí ṣéènì yóò gbé e, pàápàá ní ẹsẹ̀ ọ̀tún. (Ẹni tí ó ti fi rọ́bà so ẹnu ṣòkòtò rí mọ ohun tí mò ń wí.) Kí a fún un ní àárín kẹ̀ǹbẹ̀ díẹ̀, kí a sì fún un ní ẹnu ṣóóró. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ, kí ìdí má baà ṣí sílẹ̀ bí ọmọ bá tẹ̀ síwájú. Aṣọ òwú ni kí a sì fi rán an. Ó ń fa òógùn mu, polyester ń sé ooru mọ́ni lára.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni ó ká mi lára jù. Síkẹ́ẹ̀tì tóóró ni a wọ̀ fún un. Bí ó bá gun kẹ̀kẹ́, yóò ká a sókè dé itan. Bí kò bá fẹ́ ká a, yóò fi ẹsẹ̀ rìn nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti dé kíláàsì. Bí a bá dábàá ṣòkòtò, àwọn àgbà ìjọ yóò ṣí Deuteronomi orí 22, ẹsẹ 5. N kò bá wọn jà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ja ìjà yìí: ní ọdún 1898, ilé ìtura kan ní Ockham kọ̀ láti gba Lady Harberton sí yàrá ìjẹun nítorí ṣòkòtò fífẹ̀ tí ó fi gun kẹ̀kẹ́ wá, ẹjọ́ tí a pè lórí rẹ̀ ní 1899 kò sì yọrí sí rere fún un. Ṣùgbọ́n ní 1895, aránṣọ kan ní Brixton, Alice Bygrave, ti gba ìwé àṣẹ lórí síkẹ́ẹ̀tì tí ó ní okùn nínú. Bí obìnrin bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, yóò fa okùn náà, iwájú àti ẹ̀yìn yóò gbé sókè. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò rẹ̀.

Tiwa kò nílò okùn. Síkẹ́ẹ̀tì tí a pín sí méjì lábẹ́, tí a ṣẹ́ pílíìtì sí níwájú àti lẹ́yìn, kì í fi ara rẹ̀ hàn bí ọmọ bá dúró. Ìgbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ ni yóò ṣí. Aṣọ tí yóò gbà yóò lé díẹ̀, owó òbí náà yóò lé díẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bàtà tí ń jẹ lójú ọ̀nà, òbí náà ni ó ń rà á.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ lè rán ẹyọ kan ní sáà tí ń bọ̀, kí a gbé kẹ̀kẹ́ sí pápá, kí a dán an wò. Télọ̀ tí yóò sì gba iṣẹ́ aṣọ ọdún tí ń bọ̀, kí ó fi téèpù wọn ọmọ lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, kì í ṣe lórí ìdúró nìkan.